Ọṣẹ Tí Mo Sè Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Orúkọ mi ni Àbíbá, ṣùgbọ́n ní Manigri níbí, kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti pa iná ọṣẹ mi. Ẹsẹ̀ mi kò gba ìdúró mọ́, ojú mi ọ̀tún kò sì ríran tó bó ṣe yẹ. Èèyàn lè fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ kì í bá a fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sílé, tí ẹ ń ro irú òwò tí ẹ lè dá sílẹ̀ láàárín yàrá àti àgbàlá yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ti sọ fún yín pé òwò inú ilé dára, pé èèyàn á máa ṣọ́ ọmọ, á máa ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná, á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú iṣẹ́ wọlé, àlejò ló mú wọlé. Kó tó tẹ́ ẹní fún un, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi ní Manigri níbí. Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ni àbúrò bàbá mi obìnrin tó lọ́kọ sí Bassila bá mú mi sọ́dọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè ru omi láìdà á sílẹ̀, ó mú mi lọ bá obìnrin kan tó ń se ọṣẹ lójú ọ̀nà odò. Ìyá Sànátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Bassila gan-an ni, èdè Anii ni èdè ìyá rẹ̀. Ó ń sọ èdè tiwa, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka òkúta ló ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ṣé o máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀?”

Mo ní, “Rárá, Màmá, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ó ní, “O ti sọ ọ́ pọ̀ jù. Ò bá kàn mi orí ni.”

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ìjókòó mi lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ débi pé ọyàn yọ láyà mi níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òrí, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àdín. Eérú ni mo ń ṣe. Èmi ni mo ń kó èèpo igbá, igi tó ń so irú, èmi ni mo ń ṣa pòrò ọkà bàbà lóko olóko lẹ́yìn ìkórè. Màá sun wọ́n, màá jọ̀ wọ́n, màá kó wọn sínú ajere tí a gbé ka orí ìkòkò, màá wá máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀ kó máa kán. Omi tó ń kán sílẹ̀ yẹn pọ́n bí omi ewé tíì. Òun ni agbára ọṣẹ. Bí òrí bá jẹ́ ẹran ara ọṣẹ, omi eérú ni eyín rẹ̀.

Ìyá Sànátù ní ọ̀nà kan tó fi ń dán an wò. Á fa ìyẹ́ adìẹ kan yọ, á tì í bọ inú omi náà, á sì fà á jáde. Bí ìyẹ́ náà bá jáde bó ṣe wọlé, omi náà kò tíì gbó. Bí irun ara rẹ̀ bá ti re dànù, tó ṣẹ́ ku egungun lásán, a jẹ́ pé ó ti tó sè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, ó jọ idán lójú mi. Ó gbá mi létí. Ó ní, “Ohun tó jẹ ìyẹ́ yẹn kò mọ̀ pé adìẹ ni ó ń jẹ.”

Ẹ má rò pé ìkà ni. Obìnrin tó le ni, ìyàtọ̀ sì wà láàárín méjèèjì. A kì í jẹun ní àtíbàbà rẹ̀. A kì í gbé ọmọ wá síbẹ̀. Bí àlejò bá dé tó gbé ọmọ pọ̀n, Ìyá Sànátù fúnra rẹ̀ ló máa jáde lọ bá a lójú ọ̀nà, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ wọn lábẹ́ igi. Ilé rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, àtíbàbà ọṣẹ wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, ọgbà ẹlẹ́gùn-ún sì wà láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kan, òùngbẹ gbẹ mí. Igbá kan wà nílẹ̀ tí mo ti ṣàn mọ́ tónítóní, mo bu omi odò sínú rẹ̀, mo gbé e sẹ́nu. N kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn mi. Ọmọrogùn ló fi gbá igbá náà kúrò lẹ́nu mi, igbá fọ́, ètè mi bẹ́. Kò bẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Ó ṣa àfọ́kù igbá náà jọ, ó jù ú síná, ó wá ní, “Igbá tó bá ti gbé omi eérú, opó ni. Kò gbọdọ̀ lọ́kọ mìíràn.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì yé mi. Nígbà tó tú mi sílẹ̀, ó gbàdúrà fún mi ní èdè tirẹ̀, n kò gbọ́ ju àmín lọ.

Lámídì ló fẹ́ mi padà sí Manigri. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, iṣu ló ń gbìn, ó sì ní igi kajú tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà, Bàbá Múfú, ni olórí ilé. Òun ló ń sọ ibi tí ẹnì kan máa kọ́lé sí, òun ló ń sọ ibi tí ẹnì kan máa kọ ebè sí.

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé kí n tó dáná ọṣẹ. Mo rìn káàkiri, mo wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, mo wo ibi tí kànga wà, mo wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Mo wá rí ibì kan tó wù mí, lẹ́yìn igi kajú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá àfi ẹni tó bá ń lọ sóko. Èmi àti Lámídì lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Múfú.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwọ̀nba ibì kan lẹ́yìn kajú. Omi ọṣẹ kò dára nítòsí ọmọ.”

Ó ń bó ọsàn. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ilé yìí kò gbà ọ́ ni?”

“Ó gbà mí, Bàbá. Iṣẹ́ náà ni kò gbà.”

“Ìyàwó tí a fi owó àti ẹnu fẹ́, tó wá lọ ń dáná nínú igbó bí àjèjì. Kí ni àwọn ará Manigri máa sọ? Ẹ̀yìn ilé ìdáná wà níbẹ̀. Iná ni iná ń jẹ́. Ibi tí obìnrin ti ń se ọbẹ̀, níbẹ̀ ló ti lè se ọṣẹ.”

Mo wo Lámídì. Lámídì ń wo ilẹ̀. Ó ní, “A gbọ́, Bọ̀dá.”

Bí òwò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná nìyẹn. Lámídì ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó mọ ògiri amọ̀ yí ibẹ̀ ká, ó kan ilẹ̀kùn sí i, ó ra àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí mi tọ̀sán tòru, ìkejì wà lábẹ́ òrùlé yàrá wa, níbi tó jẹ́ pé àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. N kò da ohun èlò ọṣẹ pọ̀ mọ́ ti oúnjẹ rí. Bí Ìyá Sànátù ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é.

Iṣẹ́ náà gbè mí. Ọṣẹ mi le, kì í yọ́ dànù lọ́wọ́ ẹni, kì í sì ha ọmọ lára. Àwọn ará Doguè ń wá rà á, mo ń gbé e lọ sí ọjà Bassila. Mo bí Ràímì, mo bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti rò pé ó parí, mo bí Sàlámà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé nígbà náà. Ọmọ aláriwo ni. Bó bá jí, gbogbo agbo ilé ló jí.

Ní àkókò yẹn ni súùdù wọ ìlú. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní sódà. Funfun ni, ó rí wẹ́wẹ́ bí iyọ̀, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí. Àwọn kàmíọ̀ akẹ́rù tó ń gba ojú ọ̀dà kọjá ló ń já a sílẹ̀. Ohun tí eérú ń ṣe lọ́jọ́ púpọ̀, súùdù ń ṣe é kí omi tó tutù. Kò sí pé a ń ṣa pòrò mọ́, kò sí pé a ń dúró ti ajere. Ẹni tí kò bá lò ó, àwọn tó ń lò ó máa tà tán kó tó jọ eérú. Mo rà á bí gbogbo èèyàn ṣe rà á.

Ìyá Sànátù wá kí mi nígbà ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ó rí ike tí mo yọ́ súùdù sí, ó bojú wo inú rẹ̀.

Ó ní, “Kò ní àwọ̀.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó dà bí omi.”

Ó ní, “Eérú máa ń kìlọ̀. Ó láwọ̀, ó ń rùn, èèyàn á rí i, á sá. Èyí kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.” Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ilé ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. “Ibi tí wọ́n fún ọ rèé?”

Mo ní ibẹ̀ ni.

Ó gba ọwọ́ mi mú títí a fi dé ojú títì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí kajú ń pọ́n, tí gbogbo ilé ń lọ ṣa á. Mo ti lọ sí ọjà Bassila láti àárọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, Lámídì ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, kò fi ibì kan pamọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Bùràímọ̀, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, wá bá a, ó ní òróró ti dì mọ́ ẹ̀rọ òun, kànrìnkàn kò ràn án, kó bá òun wá omi ọṣẹ líle díẹ̀. Lámídì fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ òrùlé, ó wọlé, ó bu díẹ̀ nínú ike. Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi ló bọ́ sí i lọ́wọ́, inú rẹ̀ ló rọ ọ́ sí. Ó ti ilẹ̀kùn padà dáadáa. Bùràímọ̀ ti lọ gbé èrò kan títí dé ẹ̀gbẹ́ ìlú, ó ní òun ń bọ̀. Lámídì fi ìgò náà sábẹ́ àga gbọọrọ lọ́dẹ̀dẹ̀ dè é, ó sì lọ ṣe àlùwàlá kó lè kírun ọ̀sán.

Sàlámà ń bọ̀ láti ìdí igi kajú. Ó ti jẹ èso kajú lájẹjù, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń gbẹ èèyàn lọ́fun.

Lámídì wà lórí ẹní ìrun nígbà tó gbọ́ igbe. Igbe kan ṣoṣo ni. Ó ní òun dúró de ìkejì, kò wá.

Ẹ̀gbẹ́ àwọn oníṣu ni mo pàtẹ sí ní Bassila. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ké, “Ẹ yà, ẹ yà!” Alùpùpù kan ń bọ̀ láàárín ọjà, ó ń gun orí àtẹ àwọn èèyàn. Bùràímọ̀ ló ń wà á. Lámídì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò dé fìlà, Sàlámà wà láàárín wọn, wọ́n fi aṣọ mi kan wé e. Ọkọ mi kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí mi.

Ó ní, “Àbíbá. Súùdù.”

N kò rántí bí mo ṣe gun alùpùpù náà. Mo rántí ẹnu ọmọ mi. Ètè rẹ̀ ti funfun, ó wú, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tòun tẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ó ń wò mí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìyẹ́ adìẹ. Mo fi ọwọ́ gbá ara mi létí kó lè kúrò lọ́kàn mi.

Ní ilé ìwòsàn Bassila, nọ́ọ̀sì obìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe ń tú aṣọ lára ọmọ.

“Kí ló mu?”

Mo ní, “Súùdù ọṣẹ.”

“Ẹ fún un ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀?”

Lámídì ní, “Epo pupa. Mo fún un ní epo pupa kó lè bì í.”

“Ṣé ó bì í?”

“Ó bì í, ó bì í dáadáa.” Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń retí pé kí wọ́n yin òun.

Nọ́ọ̀sì náà di ojú rẹ̀. Nígbà tó là á, ó rọra sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ má fún ọmọ ní ohunkóhun láti bì í mọ́ láéláé. Ohun tó jó o nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún jó o nígbà tó ń gòkè.”

Lámídì lọ jókòó sílẹ̀ lóde. Kò wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà. Mo pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, wọ́n fi ń bá olójúkòkòrò wí ni. Ní ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ gidi. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà ọ̀fun Sàlámà ti jóná, pé bí egbò náà ṣe ń jinná bẹ́ẹ̀ ló ń súnkì, kò sì ní gba oúnjẹ kọjá. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Níbẹ̀ ni a ó ti máa bọ́ ọ. Wọ́n ní ká máa mú un padà wá kí wọ́n lè máa gbìyànjú láti la ọ̀fun náà díẹ̀díẹ̀. A ń mú un lọ. Bí wọ́n bá là á, á tún padà dí.

Nígbà tí a dé Manigri, Lámídì gba iṣẹ́ bíbọ́ ọmọ lọ́wọ́ mi. Kò sọ pé òun fẹ́ gbà á, ó kàn ń ṣe é ni. Láàárọ̀, á po ògì tó ṣàn bí omi, á sẹ́ ẹ, á tún un sẹ́, á gbé Sàlámà lé itan, á rọra máa dà á sínú rọ́bà. Á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà gbóná. Ọkùnrin tí kò gbé omi ìwẹ̀ ara rẹ̀ kaná rí. Bó bá ń lọ sóko, á pọ̀n ọ́n. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, kò sí ẹni tó fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ohùn ọmọ náà ti lọ, ó ṣẹ́ ku afẹ́fẹ́. Aṣọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo tó fi ń nu itọ́, nítorí kò lè gbé e mì. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ṣì fẹ́ràn oúnjẹ. Bí a bá ń gún iyán, á wá jókòó ti odó. Á ní ká fún òun ní òkèlè kan. Á fi í sẹ́nu, á jẹ ẹ́, á jẹ ẹ́, á wá tu ú sínú ewé, á dì í, á lọ dà á fún adìẹ. Á rẹ́rìn-ín sí wa. Bàbá rẹ̀ á dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó fẹnu mọ́ etí mi, ó ní, “Ìyá, nígbà wo ni ọ̀fun mi máa ṣí?”

Mo ní, “Láìpẹ́.”

Ìgbà òjò kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Itọ́ tí kò rọ́nà lọ sí ikùn ló ń gba ọ̀nà èémí. Ara rẹ̀ gbóná, a gbé e lọ sí Bassila, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Òwúrọ̀ ni ó kú, ní ọwọ́ Lámídì. Ó ti po ògì, ó ti sẹ́ ẹ, ó sì ń dúró kó tutù.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, Bàbá Múfú jáde, ó mú àdá, ó sì lọ ṣán igbó ẹ̀yìn igi kajú. Ó ṣán an mọ́, ó gbin òpó mẹ́rin síbẹ̀. Ó wá bá mi nínú yàrá tí mo jókòó sí, ó ní, “Ìyàwó, ibi tí o béèrè rèé.”

N kò bú u. N kò sì dúpẹ́. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbì kan.

Ẹ ó béèrè pé ṣé mo tún se ọṣẹ lẹ́yìn èyí. Mo sè é. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, n kò mọ òmíràn, Ràímì àti àbúrò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ní Manigri, àwọn èèyàn kò rà á mọ́. Obìnrin kan sọ ọ́ sí mi létí ní kànga, pé òun kò lè fi ọṣẹ tó pa ọmọ wẹ ọmọ. Mo gbé igbá mi, mo ń lọ tà á ní Doguè, níbi tí wọn kò ti mọ ìtàn mi, títí ìtàn náà fi dé ibẹ̀ bá mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé. Lámídì kò dúró dìgbà náà. Kò ṣàìsàn kan pàtó. Ó kàn ń dín kù ni. Iṣu rẹ̀ ń jẹrà nínú ilẹ̀, kò wà á. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó bi mí pé, “Ìyá Ràímì, ṣé o ti dárí jì mí?”

Mo ní, “Mo ti dárí jì yín tipẹ́.”

Ó ní, “Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ó wọ̀ ọ́ létí.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo rí oríṣiríṣi ohun èlò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé, èyí tí à bá ti máa lò tipẹ́, nítorí kí ó tó dé ni súùdù ti jẹ ìka mi wọ̀nyí. Àpótí pákó tí a ń da ọṣẹ sí kó lè dì dé, a kò fi ọwọ́ rọ ọ́ mọ́. Àwọn obìnrin kan ní Bassila ní ẹ̀rọ tó ń ro ọṣẹ fúnra rẹ̀. Èéfín súùdù ló ba ojú mi ọ̀tún jẹ́. Lónìí, ọṣẹ tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé wà ní gbogbo ìsọ̀ lójú títì, àwọn ọmọ yín sì fẹ́ràn òórùn rẹ̀ ju tèmi lọ. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn.

N óò sọ ọ̀kan yìí kí n tó dákẹ́. Ìyàwó ilé kan wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Múínátù, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́dún tó kọjá, ó ní òun ti ra súùdù, òun ti ra àdín, kí n wá kọ́ òun.

Mo ní, “Níbo lo máa sè é sí?”

Ó ní, “Igun ilé ìdáná wa, Ìyá. Ibẹ̀ fẹ̀.”

Mo ní kó lọ tọrọ ibòmíràn lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀. Ó lọ, ó padà wá, ó ní wọ́n kọ̀. Mo dìde, mo fi ọ̀pá mi tilẹ̀, mo lọ bá wọn fúnra mi. Mo sọ ìtàn tí mo sọ fún yín yìí. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kò sí ilẹ̀. Àwọn fẹ́ gbin kajú sí èyí tó kù.

Ni mo bá yíjú sí Múínátù níwájú gbogbo wọn, mo ní n kò ní kọ́ ọ. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ dá súùdù náà padà fún ẹni tó tà á, mo sì dúró níbẹ̀ títí ó fi gbé e sórí alùpùpù. Mo ní kó máa din àkàrà, kó gbẹ èlùbọ́, kó rán aṣọ, ohun tó bá wù ú tí kò ní jẹ ọmọ ní ọ̀fun.

Múínátù sunkún. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin ti jẹ tiyín. Ẹ kò fẹ́ kí àwa náà jẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun mí, n kò parọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í kí mi mọ́. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti ń ta àkàrà báyìí, kò sì tà tó bó ṣe fẹ́, èmi ni ó sì ń dá lẹ́bi.

Kò burú. Ọmọ rẹ̀ máa ń sáré kọjá níwájú ilé mi láàárọ̀, ó máa ń pariwo débi pé àwọn ará ilé máa ń bínú. Àwọn ọmọ Ràímì á ní, “Ìyá àgbà, ṣé ká lé e lọ?”

Èmi á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Màá gbé àga mi súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, màá sì máa gbọ́ ọ.